Títọpa àrùn láti ojúlé dé ojúlé: ìtọ́sọ́nà lórí ẹ̀rí àti àwòrán ilẹ̀

Bí àrùn onígbáméjì bá bẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò, kì í pẹ́ kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ẹni tó fà á. Àwọn kan á ní omi kànga baba onílé ni, àwọn kan á ní àwọn àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni, ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ayé ni. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀: akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìlera, akọ̀ròyìn, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kó ṣe iṣẹ́ lórí bí àrùn ṣe ń ràn.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa fà yọ ni ti Soho, nílùú London, lọ́dún 1854. Dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ fífi oògùn kun àwọn aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ló tọpa onígbáméjì dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní òpópónà Broad Street. Gbogbo ayé ló mọ àwòrán ilẹ̀ tó yà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé wọ́n ti yọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń fa omi lára ẹ̀rọ náà tipẹ́ kí àwòrán yẹn tó jáde. Nǹkan mìíràn ló fi yí àwọn aláṣẹ lọ́kàn padà, òun náà ni yóò sì gba àyè jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Kí ẹ tó mú bírò

Aláìsàn ló kọ́kọ́ kàn. Ẹni tó ń yàgbẹ́ tó dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, tó sì tún ń bì, lè kú láàárín wákàtí díẹ̀, torí omi ara rẹ̀ ló ń tán lọ. ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí a ń po mọ́ omi, ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí kò bá sí ORS nítòsí, ẹ po ṣíbí ìpotíì ṣúgà 6 àti ìlàjì ṣíbí ìpotíì iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ kan, kí ṣúgà tàbí iyọ̀ má ga kọjá ẹnu ṣíbí. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń lọ lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Ní Nàìjíríà, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba ìròyìn àrùn. DSNO ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, l'Ábùjá. Ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe yìí máa bọ́ sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò tó bá lọ ń kan ilẹ̀kùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ lè dá ìpayà sílẹ̀, wọ́n sì lè fi ẹsẹ̀ gbé àrùn náà káàkiri. Ọṣẹ àti omi kò gbọdọ̀ jìnnà sí yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pinnu ẹni tí ẹ ó kà

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé: irú àmì wo, ní ibo, láti ọjọ́ wo. Bí àpẹẹrẹ: "Ẹnikẹ́ni tó ń gbé láàárín ọjà àti odò, tó yàgbẹ́ olómi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, láti ọjọ́ kìíní oṣù yìí." Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ láìsí i, ẹnì kan nínú yín á ka ọmọ tí inú kan ń run, ẹlòmíràn á sì ka kìkì àwọn tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn. Iye tí ẹ bá kó jọ kò ní ṣeé fi wéra. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì: àwọn tí a fura sí, àti àwọn tí àyẹ̀wò ìgbẹ́ ti fìdí tiwọn múlẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó yẹ kí ẹ yí òṣùwọ̀n náà padà láàárín iṣẹ́, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tí ẹ ti kà tẹ́lẹ̀, kí ẹ tún wọn kà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìwé kan, ìlà kan fún ẹnì kan

Ìwé àjákọ ẹlẹ́yọ kan tó. Ẹ fa ìlà sí i kó ní ojú wọ̀nyí: nọ́ńbà aláìsàn, ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, ilé tó ń gbé, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ti ń kàwé, ọjọ́ àti wákàtí tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ohun tó mu, ohun tó jẹ níta, bó ṣe wà báyìí. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kì í wọ inú ìwé yìí. Inú ìwé mìíràn ni kí ẹ kọ wọ́n sí, kí ẹ fi nọ́ńbà aláìsàn so ìwé méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí.

Ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ń wá, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dé ilé ìwòsàn. Àwọn kan á ti lo agbo lọ́jọ́ méjì kí wọ́n tó gbéra. Bí ẹnì kan kò bá rántí ọjọ́, ẹ bá a fi nǹkan so ó: "Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó lọ kírun Jímọ̀? Ṣé ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú? Ọjọ́ ọjà ńkọ́?"

Ti ohun mímu ni kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ lé lórí. Ẹ má bèèrè pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ mu omi bọ́ọ̀hóòlù Alhaji?" Ẹ ti kọ́ ọ ní ìdáhùn nìyẹn. Ẹ sọ pé, "Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú títí di ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ni gbogbo ohun tí ẹ mu, níbo lẹ sì ti rí i?" Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó. Ẹni tó ní "píọ̀ wọ́tà nìkan lèmi ń mu" lè ti fi omi kànga fọ ẹnu láàárọ̀, kó ra sóbò olómi dídì lọ́sàn-án, kó sì fi omi tí mẹ́rúwà gbé wá fọ èso jẹ lálẹ́. Ní Soho, wọ́n ń fi omi ẹ̀rọ Broad Street lú ọtí líle nílé ọtí, ilé oúnjẹ kan ń gbé e fún àwọn oníbàárà tó bá wá jẹun ọ̀sán, àwọn ìsọ̀ kéékèèké sì ń po ìyẹ̀fun tó ń hó mọ́ ọn tà. Ẹni tó mu gbogbo ìwọ̀nyí lè fi Bíbélì búra pé òun kò mu omi ẹ̀rọ náà rí. Nígbà tí onígbáméjì ń jà ní Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ nípa ohun mímu kan tí wọ́n fi ọ̀fìọ̀ ṣe tí kò ní ìforúkọsílẹ̀, torí pé orúkọ ohun mímu yẹn ń jáde lẹ́nu àwọn aláìsàn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ to ọjọ́ lẹ́sẹẹsẹ

Ẹ fa ìlà kan síta nínú ìwé tó ní ihò kéékèèké onígun mẹ́rin tí a fi ń ṣe ìṣirò, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kun ihò kan fún aláìsàn kan lórí ọjọ́ tí àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ihò náà bá ga sókè lójijì tí wọ́n sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kó o lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ń lọ bí ìgbì, tí èkejì ga ju èkíní lọ, ara lọ sí ara ló ń ràn.

Onígbáméjì kì í pẹ́ lára kó tó fara hàn: wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ 5. Ẹ ka ọjọ́ 5 padà sẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, kí ẹ sì bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn: òjò ńlá, òkú ṣíṣe, páìpù tó bẹ́, ìnáwó. Ní Soho, alẹ́ 31 oṣù Kẹjọ ni iná ràn. Láàárín ọjọ́ 10 péré, ó lé ní 500 ènìyàn tó ti kú ní àdúgbò tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn já ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ya àwòrán ilẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ yà á sórí páálí ńlá. Ẹ mú ẹnì kan tó ti pẹ́ ládùúgbò dání, ọlọ́kadà tàbí ìyá aláta, kó máa júwe bí ẹ ti ń fa ìlà: títì, ojú àgbàrá, ilé ìwé, mọ́sáláṣí, ilé tí kò ní nọ́ńbà àmọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí "ilé onígéètì pupa". Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbogbo ibi tí wọ́n ti ń rí omi sí i: kànga, bọ́ọ̀hóòlù, ẹnu omi ìjọba, ibi tí ọkọ̀ agbómi ti ń já omi, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta omi inú ọ̀rá. Ẹ fi ṣáláńgá àti sọ́kàwé náà sí i. Àwọ̀ kan fún omi, àwọ̀ mìíràn fún ìgbẹ́.

Àwọn aláìsàn ló kàn. Snow kò fi ààmì kan péré sórí ilé kan. Ìlà kékeré kan ló fà fún òkú kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tò wọ́n lérí ara wọn níwájú ilé, débi pé ilé tí òkú 4 ti jáde yàtọ̀ lójú sí ilé tí ẹnì kan ti kú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ló máa ń tan ni jẹ bí ilé oníyàrá ogún bá gba ààmì kan, tí ilé oníyàrá méjì náà sì gba ẹyọ kan.

Ẹni tó fẹ́ lo fóònù lè tẹ ojú ibi tó dúró sí pẹ́ lórí Google Maps. Nọ́ńbà méjì á jáde, èyí tó sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé lápá àríwá, àti bó ṣe jìnnà tó lápá ìlà-oòrùn. Ní Èkó, èkíní á wà ní bí i 6.5, èkejì ní bí i 3.4. Bí ẹ bá kọ nọ́ńbà 4 lẹ́yìn ààmì ìdá, ẹ ti mọ ibẹ̀ dé ìwọ̀n mítà 11, ìyẹn sì tó láti ya ilé kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Nọ́ńbà 3 péré á ṣì yín lọ́nà ní bí i mítà 110. Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ sínú Google My Maps, tàbí QGIS, ètò tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀, bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ní tèmi, páálí ṣì ni mo fẹ́ràn jù fún ọjọ́ àkọ́kọ́, torí pé ará àdúgbò lè na ìka sí i kí wọ́n sọ pé "rárá, ọ̀nà yẹn kò já síbẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí kò já yìí ṣe pàtàkì. Bí ẹyẹ ṣe ń fò kọ́ ni ẹni tó ru garawa ṣe ń rìn. Kànga tó wà ní mítà 50 sí ilé yín, tí ògiri sì dínà rẹ̀, jìnnà ju èyí tó wà ní mítà 120 lójú ọ̀nà tààrà. Snow mọ èyí. Nínú àwòrán rẹ̀ tó jáde lẹ́yìn náà, lọ́dún 1855, ó fa ìlà kan yí ẹ̀rọ Broad Street ká, ó sì fi òṣùwọ̀n ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà wá gbogbo ibi tí ẹ̀rọ yẹn àti ẹ̀rọ mìíràn ti jìnnà dọ́gba. Inú ìlà yẹn ni òkú pọ̀ sí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wá àwọn tí kò bá àwòrán mu

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Bí ààmì bá ti ṣù jọ yí kànga kan ká, ó máa ń wu èèyàn láti dìde kó lọ ti kànga náà pa. Ẹ má tíì dìde. Ààmì máa ń ṣù jọ síbi tí èèyàn bá pọ̀ sí. Kànga sì sábà máa ń wà láàárín ibi tí èèyàn pọ̀ sí.

Snow nìkan kọ́ ló ya àwòrán Soho lọ́dún yẹn. Edmund Cooper, ẹnjiníà àjọ tó ń bójú tó ojú àgbàrá, ya tirẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án láti wò ó bóyá inú kòtò ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ ni ikú ti ń jáde. Ìgbìmọ̀ ìjọba pàápàá yẹ àdúgbò kan náà wò, wọ́n sì kọ̀ láti gbà pé ẹ̀rọ omi ló fà á. Afẹ́fẹ́ burúkú ni wọ́n gbà gbọ́. William Farr, ọ̀gá nínú ìṣirò ikú àti ìbí, ti fi nọ́ńbà hàn ṣáájú pé bí ilẹ̀ bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni onígbáméjì ṣe ń pọ̀ tó ní London. Nọ́ńbà rẹ̀ tọ̀nà. Ìtumọ̀ tó fún un ni kò tọ̀nà. Àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ló ń mu omi odò Thames níbi tó ti dọ̀tí jù. Àwòrán kan náà lè gbe ẹni tó ní afẹ́fẹ́ ni, kó sì tún gbe ẹni tó ní omi ni.

Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àwọn tí kò bá a mu, oríṣi méjì sì ni wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni àwọn tó jìnnà tí wọ́n sì ṣàìsàn. Snow gba ìwé ikú 83 láti ọ́fíìsì tí Farr ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lọ láti ilé dé ilé. 73 nínú wọn wà nítòsí ẹ̀rọ Broad Street. Mẹ́wàá péré ló sún mọ́ ẹ̀rọ mìíràn. Ẹlòmíràn ì bá gbójú fo àwọn mẹ́wàá yìí. Ọ̀dọ̀ wọn ló lọ. Ìdílé márùn-ún sọ fún un pé Broad Street ni àwọn máa ń rán èèyàn lọ pọnmi, torí omi ibẹ̀ wu àwọn ju ti ìtòsí lọ. Mẹ́ta jẹ́ ọmọ tó ń lọ sílé ìwé nítòsí ẹ̀rọ náà. Omi ẹ̀rọ Marlborough Street, tó wà lápá ibòmíràn, ti dọ̀tí débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún un, Broad Street ni wọ́n ń gbà lọ.

Èyí tó lágbára jù ni ti opó kan ní Hampstead, ibi tó jìnnà sí Soho gan-an, tí onígbáméjì kankan kò sì sí níbẹ̀ lásìkò yẹn. Ó ti gbé Broad Street rí, omi ẹ̀rọ ibẹ̀ sì wù ú débi pé kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gbé ìgò ńlá kan lọ fún un lójoojúmọ́. Wọ́n gbé e dé ní Ọjọ́bọ̀, 31 oṣù Kẹjọ. Ó mu ún lálẹ́ ọjọ́ náà àti lọ́jọ́ Ẹtì. Ó kú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wá kí i mu nínú omi náà, ó padà sílé ní Islington, òun náà kú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹlòmíràn tó ní in ní gbogbo agbègbè tiẹ̀. Afẹ́fẹ́ burúkú wo ló lè wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá èèyàn méjì péré?

Oríṣi kejì ni àwọn tó wà nítòsí tí kò ṣe. Nílé àwọn aláìní tó wà ní Poland Street, èèyàn 535 ló ń gbé níbẹ̀, ikú sì yí wọn ká láti ilé dé ilé, síbẹ̀ ẹni 5 péré ni onígbáméjì pa. Ilé náà ní kànga tirẹ̀. Ní ilé ìpọntí tó wà ní Broad Street gan-an, òṣìṣẹ́ lé ní 70, kò sì sí ẹni tó kú nínú wọn: ọ̀gá ń fún wọn ní ọtí mu lọ́fẹ̀ẹ́, ilé iṣẹ́ náà sì ní kànga jíjìn tirẹ̀. Àmọ́ nílé iṣẹ́ kan lójú òpópónà kan náà tí wọ́n ti ń ṣe èlò ìbọn, wọ́n ń fi omi ẹ̀rọ náà kún àgbá méjì fún nǹkan bí 200 òṣìṣẹ́. Méjìdínlógún ló kú nínú wọn. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń mí sínú.

Nítorí náà, nígbà tí àwòrán yín bá ti jáde, ẹ fi bírò pupa yí gbogbo aláìsàn tó wà lẹ́yìn odi ká, kí ẹ sì fi búlúù yí gbogbo ilé ńlá tó wà láàárín tí kò ní aláìsàn ká: ilé kéú, ilé ìtura, bárékè, ilé ọlọ́pọ̀ yàrá. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ lọ bá lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó lọ sí ibikíbi mìíràn. Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó jìnnà réré, tó ṣàìsàn, tí kò sì sí ọ̀nà kankan tó fi kan orísun tí ẹ ń fura sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ẹ má wá ọ̀nà fi í sínú ìtàn yín tipátipá.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ka àwọn tí ara wọn le

Bí 30 nínú 40 aláìsàn bá mu omi kànga kan, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ó lè jẹ́ pé mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ará àdúgbò ló ń mu ún. Ẹ gbọ́dọ̀ bi àwọn tí kò ṣàìsàn ní ìbéèrè kan náà, lédè kan náà. Ká ní ẹ bi gbogbo ará òpópónà kan. Nínú 60 tó mu omi kànga náà, 24 ṣàìsàn, ìyẹn 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 100 tí kò mu ún, 5 ṣàìsàn. Ewu ẹni tó mu ún jẹ́ ìlọ́po 8. Ẹ̀rí rèé.

Henry Whitehead, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan ní Soho, ló ṣe èyí fún Broad Street. Kò gba ọ̀rọ̀ Snow gbọ́ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀, torí náà ló ṣe jáde lọ wádìí. Àǹfààní tó ní ni pé àwọn ará àdúgbò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń jẹ́ kó padà wá nígbà mélòó kan. Nínú 137 tó mu omi ẹ̀rọ náà, 80 ló ṣàìsàn; nínú àwọn tí kò mu ún, bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tó wá láti já irọ́ Snow ló wá di ẹlẹ́rìí rẹ̀ tó dára jù.

Ìgbà mìíràn wà tí àwòrán ilẹ̀ kò ní lè sọ ohunkóhun, kíka yìí nìkan ló lè gbà yín. Ní gúúsù London, páìpù ilé iṣẹ́ omi méjì gba ojú títì kan náà: ilé yìí ń gba ti Lambeth, ilé kejì rẹ̀ ń gba ti Southwark and Vauxhall. Lambeth ti gbé ibi tó ti ń fa omi lọ sókè odò, sí Thames Ditton, lọ́dún 1852. Èkejì ṣì ń fa tirẹ̀ níbi tí ìgbẹ́ ìlú ń dà sí. Ààmì lórí máàpù á kàn dà rú mọ́ra ni. Snow lọ láti ojúlé dé ojúlé bèèrè ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Bí ayálégbé kò bá mọ̀, á bu omi díẹ̀ lọ dán iyọ̀ inú rẹ̀ wò, torí pé iyọ̀ inú omi Southwark fi nǹkan bí ìlọ́po 40 ju ti Lambeth lọ. Ohun tó rí: ikú 315 nínú ilé 10,000 tó ń gba omi Southwark and Vauxhall, àti 37 nínú ilé 10,000 tó ń gba ti Lambeth. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí láwọn ìlú wa tí ẹnì kan ti ń mu omi ọ̀rá, tí ẹni tó ń gbé yàrá kejì sì ń mu omi mẹ́rúwà. Ẹ má retí kí máàpù yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ lọ wo orísun náà

Ẹ wo bó ṣe jìnnà sí ṣáláńgá. Mítà 30 ni ìwọ̀n tí wọ́n máa ń ní kó kéré jù. Ẹ wo ògiri rẹ̀, ìdérí, okùn àti garawa, ibi tí omi òjò ń ṣàn gbà. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ìlera bá yín bu omi sínú ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, kí ó wà nínú yìnyín, kó sì dé yàrá àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà.

Ojú kò tó o wò. Snow yẹ omi Broad Street wò ní ìrọ̀lẹ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ó sì mọ́ débi pé òun fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì. Àyẹ̀wò tí kò rí nǹkan kò dá kànga láre bí ẹ̀rí láti ẹnu ènìyàn bá lágbára, torí pé ohun tó wọ inú omi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè ti ṣàn lọ.

Bó bá jẹ́ ara sí ara ló ń ràn

Níbi tí kò bá ti sí orísun kan pàtó, ẹ fi ìlà so èèyàn mọ́ èèyàn dípò ààmì lórí ilẹ̀: ta ló tọ́jú ta, ta ló wẹ òkú ta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 20 oṣù Keje ọdún 2014 láti ara ẹnì kan tó wọ bàálù wá. Wọ́n kọ orúkọ èèyàn 894 tó ti fara kan àwọn aláìsàn sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣẹ́wò sí wọn nílé lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21 láti wo bí ara wọn ṣe gbóná tó. Ìbẹ̀wò náà tó nǹkan bí 18,500. Èèyàn 20 ló ní in, 8 kú. Ẹnì kan ṣoṣo tó yẹra fún ìṣọ́ yìí tó sá lọ sí Port Harcourt ló dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ lára igi náà. Ní 20 oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn ọjọ́ 42 láìsí aláìsàn tuntun, ìyẹn ìlọ́po méjì ọjọ́ tí àrùn náà lè fi sá pamọ́ sínú ara, wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó lè ṣe nǹkan, kí ẹ sì máa ka ìwé lọ

Kí ẹ tó fi àwòrán ilẹ̀ síta lórí WhatsApp, ẹ gé nọ́ńbà ibẹ̀ kù sí 2 lẹ́yìn ààmì ìdá, kó má baà tọ́ka sí ilé ẹnikẹ́ni. Ojúlówó ẹ̀dà rẹ̀ wà fún DSNO àti àwọn aláṣẹ nìkan. Ẹ má sì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú máàpù nìkan: àwọn tí kò bá a mu ni kí ẹ fi ṣáájú ọ̀rọ̀ yín. Ohun tí Snow gbé síwájú àwọn alábòójútó àdúgbò náà ní ìrọ̀lẹ́ 7 oṣù Kẹsàn-án nìyẹn. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má sọ ju ohun tí ẹ rí lọ. Iye àwọn tó ń kú ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ti sá lọ, Snow fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa kun ihò lórí ìwé ọjọ́ yín lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kànga pa. Bí àwọn aláìsàn tuntun bá ṣì ń jáde lẹ́yìn ọjọ́ 5, orísun mìíràn wà, tàbí kí àwọn kan ṣì máa pọn ún lóru.

Ẹ má sì ju ìwé náà nù nígbà tí ó bá rọlẹ̀. Lọ́dún 1855, Whitehead ṣì ń ka ìwé ikú nígbà tó rí ọmọ ọwọ́ kan ní ojúlé 40 Broad Street, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an, tí ìgbẹ́ gbuuru ti mú kí àrùn náà tó bẹ́ sílẹ̀. Ìyá ọmọ náà ń da omi tó fi fọ ìlédìí sínú kòtò ẹ̀gbin iwájú ilé. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ní oṣù Kẹrin, wọ́n rí i pé bíríkì kòtò náà ti jẹrà, kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ sí kànga. Ohun kan tún wà nínú ìwé yẹn: 8 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ, ni bàbá ọmọ náà dùbúlẹ̀ àìsàn onígbáméjì nínú ilé kan náà, ó sì ṣeé ṣe kí omi ẹ̀gbin tirẹ̀ náà gba inú kòtò kan náà lọ.